Bíréèkì Tó Dákẹ́

Ọ̀fà,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Mùnírá Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mi ò ní kí ọ ní kíkí gígùn, mi ò sì ní béèrè bóyá ara le, nítorí a jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù lánàá, o sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun mi. O ní, "Bàbá, bíréèkì ẹ̀yìn ọ̀kadà tí mo rà yẹn ti ń han láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, àmọ́ ẹnì kan níbí ti bá mi kán ọ́ìlì sí i. Ó ti dákẹ́." Mo ní kí o má gùn ún mọ́. O ní, "Bàbá, ẹ̀rù máa ń tètè bà yín jù. Mo ní ó ti dákẹ́." O ní ọjọ́ Ajé ni o máa gùn ún lọ sí àwọn abà láti fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lẹ́yìn náà o ní àwọn èèyàn ń dúró dè ọ́, o sì pa fóònù.

Ó ti dákẹ́. Èmi náà ti sọ gbólóhùn yẹn rí, ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, nípa bíréèkì ẹ̀yìn, lórí ọ̀nà Ojoku tí ìwọ ń gbà yìí kan náà. Ọjọ́ kẹta tí mo sọ ọ́ ni a sin ìyá rẹ.

O lè ní, kí ló dé tí Bàbá ò wọ mọ́tò wá bá mi, ṣebí Ojoku kò jìnnà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi kò tẹ ọ̀nà yẹn mọ́, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. O rò pé ọ̀fọ̀ ló fà á. Kì í ṣe ọ̀fọ̀, ìtìjú ni. Bí mo bá sì sọ ọ́ lẹ́nu, màá sọ ọ́ kó dùn. Ẹnu mi dùn púpọ̀, gbogbo Ọ̀fà ló mọ̀, ẹnu dídùn yẹn ló bá mi débi tí mo wà yìí. Nítorí náà ni mo ṣe mú bírò. Awakọ̀ tó ń gbé àwọn ọlọ́jà lọ sí Ojoku láàárọ̀ yìí ló máa fún ọ ní lẹ́tà yìí pẹ̀lú ẹrù kékeré kan. Má tú ẹrù náà títí tí o ó fi kà á tán.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú èyí tó kéré, kí n tó dé ibi tó ń ta mí.

Èkíní ni ti ilẹ̀. Nígbà tí mo ra ọ̀kadà mi àkọ́kọ́, ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ibi tí mo gbé e sí á ní ẹ̀kán ọ́ìlì dúdú kan, kò ju ojú owó kọ́bọ̀ lọ. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Bàbá Mùnírá, nǹkan yín yìí ń tọ̀ sílẹ̀ o." Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì mo tètè jí, mo bu yanrìn bò ó kí ó tó jáde síta. Ṣé o gbọ́? Mi ò wo ibi tó ti ń jò, ojú ìyá rẹ ni mo ń wo. Oṣù kan ni mo fi ń bu yanrìn. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì náà gan pa, iwájú ibùdó rélùwéè ni, mo gbé olùkọ́ kan sẹ́yìn tó ń sáré lọ síbi ìdánwò. Kò sí ọ́ìlì kankan nínú rẹ̀ mọ́. Olùkọ́ náà sọ̀kalẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, kò bú mi, ó kàn fẹsẹ̀ rìn lọ. Ó sàn kó bú mi.

Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ kan ọ̀kadà rẹ láàárọ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Tẹ́ páálí funfun sábẹ́ rẹ̀. Bí o bá rí dúdú tó ki, ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ni. Bí ó bá ń rùn tí ó sì tètè gbẹ, epo pẹtiróòlù ni, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáná níbẹ̀. Yọ ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nù ún, tì í bọ̀ ọ́ padà, kí o wò ó. Ẹ̀kán kan ṣoṣo lónìí, ẹ̀kán mẹ́ta lọ́túnla. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ìkejì ni ti etí. Ọ̀kadà mi ẹlẹ́ẹ̀kejì, ṣéènì rẹ̀ dẹ̀. Bí mo bá ti dẹwọ́ iná, á máa dún kàtàkàtà. Àwọn tí mo ń gbé ń ráhùn, ó sì ń bí mi nínú pé wọ́n ń ráhùn. Kí ni mo ṣe? Mo ra rédíò kékeré kan, mo so ó mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà, mo yí i sókè. Inú àwọn ọmọdé àdúgbò dùn, wọ́n sọ mí ní Ọlọ́kadà Olórin. Orin ń lọ, mò ń fi orí jó, ṣéènì ń jẹ eyín kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tán lábẹ́ mi. Ọjọ́ tó já, ó fò, ó na ẹsẹ̀ ọmọkùnrin tí mo gbé sẹ́yìn ní pàṣán. Àpá náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí dòní, mo máa ń rí i bí ó bá wá ra páàtì ọ̀kadà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó máa ń kí mi dáadáa. Ìkíni rẹ̀ kì í dùn mọ́ mi nínú.

Àjọkẹ́, yọ nǹkan tí o máa ń kì bọ etí yẹn nígbà tí o bá ń gun ọ̀kadà. Bí o bá kọ́kọ́ ṣíná rẹ̀, dúró, tẹ́tí. Ohùn tí o bá gbọ́ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ le, mọ̀ ọ́n bí o ṣe mọ ohùn mi. Ọjọ́ tí ohùn náà bá yàtọ̀, má wá ìdí tí kò fi já mọ́ nǹkan kan. Bi í pé kí ló ṣe ọ́. Kí o sì máa fi ọwọ́ gbé ṣéènì sókè sódò nígbà tí ẹ́ńjìnì bá wà ní pípa. Bí ó bá mì ju ìbú ìka méjì lọ, ó ti dẹ̀.

Èéfín náà ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń yọ búlúù-búlúù, ọ́ìlì ló ń jó nínú. Bí ó bá dúdú, epo ló ń jẹ lájẹjù. Bí ọwọ́ ọ̀kadà bá ń fà ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wo táyà. Bí iná rẹ̀ bá ń ṣẹ́jú, wo bátìrì. Bí ó bá ń pẹ́ kó tó jí láàárọ̀, wo púlọ́ọ̀gì. Gbogbo ìwọ̀nyí ni mo rí, tí mo sì rí àwáwí fún. Èmi tí mo wá ń ta páàtì fún gbogbo Ọ̀fà yìí, tí mo ń bi ọmọ ọlọ́mọ pé, "Ṣé ṣúù bíréèkì tìẹ ò tíì jẹ tán?", mi ò bi ọmọ tèmi. Nígbà tí o pè mí pé o ti fi owó oṣù rẹ ra ọ̀kadà àlòkù, àdúrà ni mo ṣe sí i lórí fóònù. Àdúrà! Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Èyí ló mú mi dé orí sàráà.

Ọ̀kadà mi ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ìyá rẹ máa ń gùn tẹ̀lé mi lọ sí ọjà Ojoku láti ra èlùbọ́ àti àgbàdo. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó kú, bíréèkì ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í han. Mo tẹ̀ ẹ́, ó han. Mo fi í sílẹ̀, ó dákẹ́. Ìyá rẹ ní, "Bàbá Mùnírá, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn wò." Mo ní màá ṣe é. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo ní kí wọ́n dín àkàrà, mo pín in fún àwọn ọmọ ilé kéú pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù, wọ́n ṣe àdúrà fún mi pé irin kò ní jẹ mí lẹ́ran. Ìwọ náà jẹ nínú àkàrà yẹn, o tilẹ̀ béèrè sí i. Bí ìyá rẹ ṣe tún gbọ́ ariwo náà lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Ẹ ò tíì mú un lọ."

Mo ní, "Mo ti ṣe sàráà."

Ó ní, "Àánú Ọlọ́run á kárí o. Ṣé sàráà náà ló máa bá yín tẹ bíréèkì?"

Mo bínú. Mo ní obìnrin kò mọ ọ̀rọ̀ irin, kó yéé kọ́ mi níṣẹ́ tó ń bọ́ ọ. Má ṣì mí gbọ́ o, sàráà kò ṣẹ̀ mí. Kò sí ibi tí Ọlọ́run ti ní kí n má yọ ẹsẹ̀ ọ̀kadà wò. Èmi ni mo fi ohun tó dára bo ohun tí mo ń sá fún mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fi yanrìn bo ọ́ìlì. Bí o bá fẹ́ ṣe sàráà fún ọ̀kadà rẹ, ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni kí o gbà kọjá kí o tó dé ọ̀dọ̀ alákàrà.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ìwọ kò mọ̀. Láyé ìgbà yẹn, àwa ọlọ́kadà gbà pé bíréèkì iwájú, èyí tí a ń fọwọ́ fún, òun ní í sọ èèyàn nù. Bí a bá ti ra ọ̀kadà, a ó tú wáyà rẹ̀ dànù lọ́jọ́ náà. A ń pe ẹni tó bá fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní ojo. Ọmọ Ọ̀fà ni wá, ìjàkadì lorò wa, a rò pé irin náà ṣeé dá ní gídígbò. Nítorí náà bíréèkì kan ṣoṣo ni mo ní, òun ló sì ń ké pè mí yẹn.

Ní ibùdókọ̀ wa, ọ̀kan nínú àwa ọlọ́kadà sọ fún mi pé kí n kán ọ́ìlì sí i láti etí ibi tí irin rẹ̀ ti ń yí. Mo kán an. Mo tún kán an lẹ́ẹ̀kejì kó lè wọlé dáadáa. Kíá, ó dákẹ́. Mo gùn ún wálé pẹ̀lú ayọ̀, mo yí i po níwájú ilé, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójú ìyá rẹ. Mo ní, "Sàfúrátù, ṣé o gbọ́ nǹkan kan? Ó ti dákẹ́."

Ó ń fẹ́ èlùbọ́ lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ó dákẹ́ lóòótọ́. Ṣé ó ń mú?"

Ṣé o rí ọ̀rọ̀ yẹn, Àjọkẹ́? Obìnrin tí kò mọ ọ̀rọ̀ irin. Gbogbo ohun tí mo ti ń kọ láti òkè wá, bí o bá gbàgbé rẹ̀, má gbàgbé ìyẹn. Má ṣe bi ọ̀kadà bóyá ó dákẹ́. Bi í bóyá ó ń mú. Ariwo yẹn, ara ṣúù, ohun tó máa ń di ẹsẹ̀ ọ̀kadà mú bí a bá tẹ bíréèkì, ló ti jẹ tán, tí irin ń ha irin. Ọ́ìlì kò dá ara náà padà. Ó kàn mú kí ó máa yọ̀ ni, bí ẹni tó tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Lọ́jọ́ náà, mo ní ó ń mú, mo sì wọlé lọ jẹun.

Ọjọ́ kẹta ni ọjọ́ ọjà Ojoku. A ti ra ọjà tán, a ń padà bọ̀ ní ọ̀sán. O mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níbi tí igi káṣú pọ̀ sí, kí ó tó di pé ọ̀nà tẹ́jú padà. Bí mo bá ti dé orí rẹ̀, mo máa ń pa ẹ́ńjìnì kí ọ̀kadà máa fúnra rẹ̀ yí lọ, kí epo má baà tán. Ọgbọ́n la pe ìyẹn. Típà kan ń jáde bọ̀ láti ọ̀nà oko, ó kún fún iyanrìn, ó ń rọra jáde. Ó jìnnà sí wa dáadáa. Ẹni tó bá ní bíréèkì, ó tó o láti dúró, kó tún na ara. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ mi lọ dé ilẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìka mi fa bíréèkì iwájú tí kò ní wáyà. Ìyá rẹ kò pariwo. Ó kàn di aṣọ mi mú lẹ́yìn ni.

Èmi gba ọgbẹ́ ní orúnkún àti ọwọ́. Òun kò dìde mọ́.

Àwọn èèyàn jáde láti inú oko, wọ́n fa awakọ̀ típà náà bọ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, Ràṣídì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀fà ni òun náà. Wọ́n ti ń lù ú kí wọ́n tó bi mí pé, "Ṣé òun ló gbá yín?" Àjọkẹ́, mi ò la ẹnu. Orí ni mo mì. Mo mì í lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì ti tó.

Àwọn àgbà ilé ní kí a má gbé ọ̀rọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí a jẹ́ kó parí nílé. Ràṣídì àti ìyá rẹ̀ wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọrọ lórí ẹní, ojú rẹ̀ ṣì wú láti ibi tí wọ́n ti lù ú. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwọ jókòó lórí itan àǹtí rẹ, o ń sunkún. Gbogbo ojú wà lára mi. Mo ní, "Ó ti tán. Mo ti dárí jì ọ́." Àwọn èèyàn ní mo ṣe bí àgbà. Èmi ni mo dárí jì í! Àìtètè mólè, olè mú olóko.

Ẹni tó ni típà gba ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ràṣídì lọ́sẹ̀ yẹn. Kò sí ẹni tó tún fún un ní ọkọ̀ wà ní Ọ̀fà.

Síbẹ̀, o rántí, lọ́dọọdún tí a bá ti pa ẹran Iléyá, ó máa ń gbé itan àgbò wá fún wa. Á kí mi, á gbé e sílẹ̀, á lọ. Ọdún méje ni a fi jẹ ẹran náà. Lọ́dún tí o pé mẹ́rìnlá, ìwọ lo ṣílẹ̀kùn fún un. O ní, "Ẹ pa ìyá mi tán, ẹ tún ń gbé ẹran wá. Ẹ gbé e padà." Mo wà ní pálọ̀, lẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ bí ó ṣe ní, "Má bínú, ọmọ mi." Mi ò dìde. Lẹ́yìn náà o wọlé wá, o bi mí bóyá ohun tí o ṣe dára, mo sì ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Kò wá mọ́ láti ìgbà yẹn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ẹsẹ̀ òtítọ́ tèmi wúwo, kì bá tí kúrò lójú kan bí kì í bá ṣe pé o pè mí lánàá.

Bí o ṣe pa fóònù, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí ilé Ràṣídì lẹ́yìn ojú irin. Búlọ́ọ̀kù ló ń mọ báyìí. Ó ti hu ewú. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo di apá rẹ̀ mú. Mo ní, "Ràṣídì, má dọ̀bálẹ̀ fún mi mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, bíréèkì mi kò mú. Mo ti mọ̀ pé ó ń pariwo, mo kán ọ́ìlì sí i. Ìwọ kò jẹ̀bi."

Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá Mùnírá. Mo rí ẹsẹ̀ yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, kò mú."

Mo ní, "Kí ló dé tí o fi dọ̀bálẹ̀ nílé wa nígbà yẹn?"

Ó ní, "Ẹ̀yin náà, wọ́n ti gbé pẹtiróòlù dé etí ọkọ̀ láti dáná sun ún. Ta ló máa gbọ́ tèmi, níbi tí òkú wà nílẹ̀? Nígbà tó sì di ọ̀rọ̀ ilé, mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín."

"Ẹran Iléyá ńkọ́?"

"Ọmọ yẹn ń sunkún ṣáá lọ́jọ́ tí a wá bẹ̀ yín. Mo ní ó yẹ kó máa rí ẹran jẹ lọ́jọ́ ọdún."

Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò gbé ohùn sókè. Mo ti rò pé ó máa bú mi. Mo ti múra èébú sílẹ̀ lọ́nà, mo ti mọ ohun tí màá fi dáhùn. Ó wá bi mí pé báwo ni ìwọ. Mo sọ fún un pé o ti níṣẹ́, o ti ra ọ̀kadà, bíréèkì ẹ̀yìn rẹ̀ ń han, o sì ti kán ọ́ìlì sí i. Páálí tó fẹ́ fi bo búlọ́ọ̀kù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ fún un. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ sọ, ẹ má fi ọ́ìlì sí i."

Mo ti sọ ọ́ báyìí.

Wàyí o, ohun tí o máa ṣe rèé. Má gun ọ̀kadà náà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Fi ọwọ́ tì í lọ. Jẹ́ kí ó yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn níwájú rẹ. Ṣúù tó ti mu ọ́ìlì kò ṣeé fọ̀, kò ṣeé sá sóòrùn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́. Jù ú nù. Ṣúù tuntun wà nínú ẹrù tí mo fi ránṣẹ́. Jẹ́ kí ó fi pẹtiróòlù fọ inú agolo tí ṣúù ń há mọ́, kí ó nù ún gbẹ, kí ó fi sáńpépà ha ojú rẹ̀. Kí o tó kúrò níbẹ̀, wo bíréèkì iwájú bóyá wáyà rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá ti tú u, jẹ́ kí wọ́n dá a padà, bí wọ́n bá pè ọ́ ní ojo, jẹ́ kí wọ́n pè ọ́. Lẹ́yìn náà ti ọ̀kadà náà lọ síwájú, tẹ̀ ẹ́. Ti í, fa ti iwájú. Bí méjèèjì bá mú nígbà tí o ṣì ń fi ọwọ́ tì í, ìgbà náà ni kí o gùn ún lójú ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ igi káṣú, má pa ẹ́ńjìnì. Bí tuntun náà bá sì pariwo lọ́jọ́ kan, dúpẹ́, kí o sì dúró.

Àwọn ọmọ abà lè gba abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sí ohun tó máa ṣe wọ́n láàárín ọjọ́ kan.

O lè tú ẹrù náà báyìí. Ṣúù tó wà nínú páálí ni tuntun. Èyí tí mo fi aṣọ wé ni mo tú lára ọ̀kadà yẹn lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ tán, mo sì ti tọ́jú rẹ̀ pamọ́ láti ìgbà náà. Aṣọ tí mo fi wé e ni gèlè rẹ̀. Fọwọ́ kàn án. Wo bí ó ṣe jẹ tó. Ó ṣì ń yọ̀.

Bí o bá máa wá sí Ọ̀fà, ilé Ràṣídì ni kí o kọ́kọ́ yà, kí o tó ronú bóyá o fẹ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò ní bá ọ tọrọ àforíjì níbí, nítorí mo mọ bí ó ṣe máa ń rọrùn tó láti dárí ji èèyàn. Bí o kò bá tún pè mí ní Bàbá, mo gbà á. Bínú sí mi, Àjọkẹ́, bínú dáadáa, bínú títí tí o ó fi hu ewú. Ṣùgbọ́n mọ́tò ni kí o wọ̀ wá. Ọmọ tó wà láàyè tí kò fẹ́ rí mi, mo lè gbé ẹrù rẹ̀. Èyí tí wọ́n á wá bá mi kẹ́dùn rẹ̀, mi ò lè mi orí sí i lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá rẹ,
ẹni tí kò bi í bóyá ó ń mú.